Ẹ́ńjìnnì Katakata Tí A Gbé Wá sí Múṣin

Bàámi kì í sọ ọ̀rọ̀ burúkú láì kí ènìyàn tán. Bí ó bá pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó béèrè ọmọ, tí ó béèrè ọkọ mi, tí ó sì bọ́ sórí ohun tó fẹ́ sọ, mo mọ̀ pé àlàáfíà ni. Lọ́jọ́ yẹn, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ọkọ, ó béèrè onílé wa, ó béèrè bóyá omi ẹ̀rọ ń wá ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ó tún wá béèrè ikọ́ kan tó ti fi mí sílẹ̀ láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ọmọ wà nínú abọ́ ìwẹ̀, ọṣẹ wà lórí ẹ̀, mo fi èjìká há fóònù mọ́ etí.

Mo ní, "Bàámi, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan. Ṣé ọmọ ń jẹun dáadáa?"

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́."

Ó wá ní, "Katakata ti nọ́ọ̀kì."

Mo gbé ọmọ kúrò nínú omi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ bó ṣe ń kán tótó.

Katakata yẹn ló tọ́ mi dàgbà. Tòkunbọ̀ ni bàámi rà á nígbà tí mo ṣì wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ń bá àwọn àgbẹ̀ túlẹ̀ káàkiri àwọn abúlé tó yí Ògbómọ̀ṣọ́ ká. Ẹni tó lówó á san owó, ẹni tí kò ní á fi iṣu san. Òun ni bàámi fi rán mi níléèwé títí mo fi jáde girama. Àwọn tí wọ́n bí ṣáájú mi kò dúró, àwọn tí wọ́n bí tẹ̀lé mi kò dúró, èmi nìkan ló kù fún un. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò gbà kó gun orí katakata mọ́, ó ránṣẹ́ pè mí wálé, ó pe àgbà méjì jókòó nínú agbo ilé, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ lójú wọn. Ó ní, "Ogún rẹ nìyí. Mo fún ọ lójú ayé mi, kí àwọn àbúrò mi má baà pín in bí ẹran iléyá nígbà tí mo bá lọ." Àwọn àgbà méjì tó pè náà, àbúrò rẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣe àmín. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe?

Láti ìgbà náà, dírẹ́bà kan ló ń wà á, bàámi á jókòó sábẹ́ igi létí oko, á máa pariwo lé e lórí. Owó tó bá wọlé, apá kan jẹ́ ti dírẹ́bà, apá kan jẹ́ ti oúnjẹ àti egbòogi bàámi, ìyókù á wá bá mi ní Èkó, níbi tí mo ti ń rán aṣọ iléèwé fún àwọn ọmọ àdúgbò. Ilé méjì ni katakata kan ṣoṣo yẹn ń gbé ró.

Mo ní kí bàámi sọ bó ṣe nọ́ọ̀kì.

Ó ní, "Rọ́bà omi rẹ̀ ló bẹ́ lórí ìrìn. Gbogbo omi inú rẹ̀ dà nù. Ó ń rú èéfín bí ilé tó ń jó. Dírẹ́bà pa á, mo ní kí wọ́n sáré pọnmi wá. A da kẹ́ẹ̀gì kan lé e, kò rọlẹ̀, a da ìkejì."

"Ẹ da omi tútù lé ẹ́ńjìnnì tó ń hó lórí?"

"Kí ni à bá dà lé e? Ẹ̀kọ gbígbóná?"

Mo fi ìró mi nu ọṣẹ kúrò lórí ọmọ.

Ó ní, "Ó kàn dún kán-ún, bí ìgbà tí ènìyàn bá pa èkùrọ́. Láti ìgbà náà, kò dá wa lóhùn mọ́."

Ẹni tí kò bá mọ bàámi á ní kò gbọ́n. Ó gbọ́n. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Ìdí ẹwìrì ló ti dàgbà, lọ́dọ̀ bàbá tirẹ̀ tó ń rọ ọkọ́ àti àdá. Ní àgbẹ̀dẹ, irin tó bá ti pọ́n dẹ̀dẹ̀, inú omi ni wọ́n ń tì í bọ̀. Irin á pariwo, omi á hó yàà, irin á sì jáde, á le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Gbogbo ayé bàámi, kò tíì rí irin tí omi pa rí. Omi ni oògùn irin gbígbóná lójú tirẹ̀, bí ó ṣe jẹ́ pé ọmú ni oògùn ẹkún lójú tèmi. Nítorí náà, kò ṣe é bí ẹni tó ń ṣèèṣì. Ó ṣe é bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà yẹn. Àwọn àgbẹ̀ tó ti bá bàámi sọ̀rọ̀ sílẹ̀ ń dúró de ilẹ̀ títú, àgbàdo sì ti wà nílẹ̀ fún gbígbìn. Dírẹ́bà wa pè mí lẹ́yìn náà, ó ní ẹlòmíràn ti gbé katakata tirẹ̀ wọ àwọn abúlé wa, pé ó ń lọ láti oko dé oko, ó ń kí wọn ẹ kú òjò. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí yé mi. Bí tiwa kò bá padà sóko kí àgbàdo tó wọlẹ̀, ẹni yẹn ló máa gba gbogbo oníbàárà bàámi. Àgbẹ̀ kì í pààrọ̀ atúlẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn, katakata tí bàámi fi lé mi lọ́wọ́ á sì di ibùsùn adìyẹ.

Nígbà tí ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, mo gbé oúnjẹ fún un, mo jẹ́ kó jẹ dé àárín kí n tó sọ ọ́. Wíńdò alumíníọ̀mù ló ń ṣe fún àwọn onílé ní Sùúrùlérè. Nǹkan tó bá ti bàjẹ́, ó máa ń yọ ọ́ ni, á fi tuntun síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ronú.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ tà á fún àwọn onírin. Owó tí wọ́n bá san, ká fi owó ilé lé e, ká fi ṣe àsansílẹ̀ lórí òmíràn tó ṣì lágbára. Ká máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀."

Owó ilé tó ń wí, owó yàrá-àti-pálọ̀ ni. Yàrá kan là ń gbé, àwa mẹ́ta, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Láti ìgbà tí mo ti lóyún la ti ń tu owó náà jọ.

Mo ní, "Dádì, gbèsè lẹ ń pè ní díẹ̀díẹ̀ yẹn. Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, ṣé ẹni tó ta katakata fún wa máa bá wa dúró de òjò?"

"Ṣé èyí tó ti kú ló máa wá bá yín dúró dè é?"

"Ta ló sọ pé ó ti kú? A ò lè sin ẹni tí a ò tíì fọwọ́ kàn láyà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú u wò. Bí ó bá kú, màá fi ọwọ́ ara mi tà á."

Ó bu òkèlè kan, ó rò ó. Ó ní, "Gbogbo ẹ́ńjìnnì tó bá wọ Múṣin, odindi ló ń wọlé, ìlàjì ló ń jáde."

Mo ní, "Èmi ni màá jókòó tì í."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀, òun náà sì mọ̀. Ní Múṣin, ẹni tó bá gbé ẹ́ńjìnnì wá fún àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe kì í fi í sílẹ̀ kó lọ sílé. Ó máa ń jókòó tì í ni, bí ẹni tó jókòó ti aláìsàn ní wọ́ọ̀dù. Kì í ṣe pé olè ni wọ́n. Páàtì ló pọ̀, gbogbo wọn dúdú, gbogbo wọn ń rùn fún ọ́ìlì, ọwọ́ sì lè ṣì mú ti ẹnìkan fún ẹlòmíràn. Bí ojú olóhun bá wà níbẹ̀, ọwọ́ kì í ṣì.

Dírẹ́bà wa tú ẹ́ńjìnnì kúrò lára katakata, wọ́n sì gbé e sẹ́yìn lọ́rì elélùbọ́ kan tó ń bọ̀ l'Ékòó. Nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Múṣin, gbogbo ara rẹ̀ ló kún fún ẹ̀lùbọ́. Mo pọn ọmọ, mo fi gèlè gbọn ẹ̀lùbọ́ kúrò lára ẹ́ńjìnnì, mo ń gbọ́ òórùn ilé wa nínú ọ́ìlì.

Ọ̀gá ibẹ̀, Ẹnjinía ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọkùnrin ńlá kan ni, ohùn rẹ̀ ròkè nítorí ariwo tó ń bá gbé. Ó wò mí, ó wo ẹ̀yìn mi, ó wo ẹ̀yìn ọ̀nà.

"Ìyá ọmọ, ta ló ni ẹ́ńjìnnì?"

"Èmi ni, sà."

"Ọ̀gá wa ńkọ́? Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn ni?"

"Wọ́n wà níbi iṣẹ́. Katakata kì í ṣe tiwọn."

Ó yí sí àwọn tó kù. "Ẹ wá wo obìnrin tó ni katakata o! Èmi tí mo jẹ́ ọkùnrin, bárò ni mo ní."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alágbà kan wà níbẹ̀ tó jókòó ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó fi ń ta omi. Bàbá náà ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ó ti ní àwo tirẹ̀ lọ́dọ̀ olóúnjẹ ẹ̀gbẹ́ títì. Ó sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Ìyàwó, ẹ jókòó síbí. Oòrùn ò ní dé ibí yìí títí di ìrọ̀lẹ́. Mo mọ gbogbo ìrìn rẹ̀."

Ẹnjinía tú orí ẹ́ńjìnnì kúrò lára ìdí rẹ̀. Orí yẹn ni wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀pù, irin gbọọrọ tó bo ẹ́ńjìnnì bí ọmọrí ìkòkò. Ìdí ni búlọ́ọ̀kù, níbi tí písítìnì ti ń lọ sókè sódò. Ó fi kẹrosíìnì wẹ tọ́ọ̀pù náà, ó jẹ́ kó mu ún dáadáa, ó nù ún gbẹ, ó wá fi ẹfun tí wọ́n lọ̀ kúnná kùn ún títí ó fi funfun báláú. Ó ní ká dúró. Kò pẹ́, ìlà kan yọ lára ẹfun náà, ó tinrín bí òwú, ó rin. Kẹrosíìnì tó ti wọ inú irin lọ ló ń padà jáde láti ibi tó ti là.

Ó ní, "Ẹ rí i? Irin ò lè fi àṣírí pamọ́ fún ẹfun."

Mo rí i. 

Ó wá tẹ̀ síwájú, ó fi èékánná fa orí búlọ́ọ̀kù kọjá láàárín ihò písítìnì méjì. Ìlà kan wà níbẹ̀ náà. "Ibí náà ti là. Màdáámù, kí n má parọ́ fún yín, ẹ́ńjìnnì yìí ti kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Bí ó bá jẹ́ tọ́ọ̀pù nìkan ni, à bá wá nǹkan ṣe. Tí búlọ́ọ̀kù bá ti là, òkú ni. Tòkunbọ̀ kan wà lọ́dọ̀ ẹnìkan tí mo mọ̀, odindi ẹ́ńjìnnì, ẹ kàn máa gbé e sí i ni."

Ọ̀rọ̀ ọkọ mi gan-an ló tún sọ. Mo rò ó pé bóyá kí n jọ̀wọ́ ara. Ọmọ ti ń sunkún lẹ́yìn mi, ooru mú. Ṣùgbọ́n mo wo búlọ́ọ̀kù náà, mo wo tọ́ọ̀pù, mo rí i pé ọ̀kan ni wọ́n kùn lẹ́fun.

Mo ní, "Ẹnjinía, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹfun kun búlọ́ọ̀kù náà."

"Ìyá ọmọ, ojú mi ti kúrò ní ti ẹfun. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́."

"Mo mọ̀, sà. Ojú tiyín tó. Ojú tèmi ni kò tó."

Alágbà olómi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹnjinía, ẹ kùn ún. Ẹ ò rí i pé obìnrin yìí ò ní lọ?"

Ẹnjinía fi ẹ̀rín bú u, ṣùgbọ́n ó kùn ún. Ó wẹ̀ ẹ́ ní kẹrosíìnì, ó nù ún, ó fọ́n ẹfun sí i. Mo sọ ọmọ kalẹ̀, mo fún un lọ́mú, mo tẹjú mọ́ irin. Mo ti wo ara ọmọ lọ́nà bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí ooru wẹ́wẹ́ yọ sí i láyà, tí mo ń wò ó bóyá yóò pọ̀ sí i tàbí yóò parẹ́. Ìlà ti tọ́ọ̀pù ń rin sí i. Ti búlọ́ọ̀kù gbẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún un ṣe, kó sì jẹ́ kí kẹrosíìnì pẹ́ lórí rẹ̀. Ó kùn sínú, ó tún un ṣe. A jẹun. Ẹfun búlọ́ọ̀kù funfun síbẹ̀ bí eyín ọmọdé.

Ẹnjinía bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa. Ó nàró, ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n. Àpá ni. Ẹnìkan ti fi irin ha á níbẹ̀ rí. Kò là." Kò tijú, kò sì bínú. Ó na ọwọ́ sí ọmọ mi, ó ní, "Ìyá rẹ le o. Má ṣe àìgbọràn sí i."

Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló dé tí omi tútù fi lè la irin. Ó ní irin méjì ló wà. Èyí tí alágbẹ̀dẹ ń lù, ó máa ń fà, ó máa ń rọ̀. Ti ẹ́ńjìnnì, wọn kò lù ú. "Dídà ni wọ́n dà á, bí ẹni da mọ́ín-mọ́ín sínú agolo. Irú irin bẹ́ẹ̀ le, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ìdẹ́rùbà. Tó bá gbóná, tí òtútù bá a lójijì, á là."

Ọ̀nà mẹ́ta ló wá wà níwájú mi. Kí n ta gbogbo rẹ̀ bí ọkọ mi ṣe wí. Kí n jẹ́ kí ajórin jó ibi tó là pọ̀, èyí tí kò wọ́n. Tàbí kí n wá tọ́ọ̀pù mìíràn, kí n pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì tún inú ìdí tí ooru ti bàjẹ́ ṣe, èyí tí yóò gba owó ilé wa dé ìsàlẹ̀ àpò. Mo béèrè ti jíjó. Ẹnjinía ní ó lè lo ọdún kan, ó sì lè má dé Ìbàdàn.

Mo pe bàámi. Mo ti mọ ohun tó máa sọ.

"Kí wọ́n jó o," ó ní. "Ohun tí iná bá bàjẹ́ lára irin, iná náà ló ń tún un ṣe."

"Bàámi, wọ́n ní ó lè tún là nígbà tó bá gbóná lóko."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ará Múṣin ló fẹ́ kọ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ ní irin?"

Mo rìn jìnnà sí bẹ́ǹṣì kí alágbà olómi má baà gbọ́ mi. N kò tíì sọ pé rárá fún bàámi rí lórí ọ̀rọ̀ irin. Lórí ọkọ fífẹ́, mo sọ ọ́. Lórí irin, rárá.

Mo ní, "Bàámi, ẹ má bínú sí mi. Irin tí bàbá yín ń lù kọ́ nìyí. Dídà ni wọ́n dà á bíi mọ́ín-mọ́ín. Kì í ṣe iná ló là á. Omi tútù ni."

Mo ń gbọ́ adìyẹ lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ ẹni tó ń gúnyán.

Ó wá ní, "Èmi ni mo là á, àbí?"

Mo lè ní rárá. Ọmọ tó bá gbẹ̀kọ́ á ní rárá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní rárá, á tún da omi lé e lọ́jọ́ mìíràn.

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ̀yin náà lẹ rà á, ẹ̀yin náà lẹ fi sọ mí di ènìyàn. Kò sí ohun tí ẹ ṣe sí i tí mo lè torí ẹ̀ bá yín jà. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí wọ́n jó o. Tọ́ọ̀pù mìíràn ni màá fi sí i."

Ó ní, "Dírẹ́bà ni mo dá lẹ́bi lójú gbogbo oko. Mo ní òun ló pa ẹ́ńjìnnì lójijì. Ọmọ ọlọ́mọ ò fèsì, ó kàn wo ilẹ̀." Ó wá ní, "Màá lọ bá a nílé rẹ̀. Ìyá mi, ṣe é bó bá ṣe tọ́ lójú rẹ."

Ìyá mi ló máa ń pè mí bí ọkàn rẹ̀ bá rọ̀. Mo dúró níbẹ̀ díẹ̀ kí n tó padà sídìí ẹ́ńjìnnì mi.

Ọkọ mi wá bá mi níbẹ̀ nígbà tó ṣíwọ́ iṣẹ́, eruku alumíníọ̀mù ń dán lára rẹ̀. Mo fi ẹfun méjèèjì hàn án, èyí tó rin àti èyí tó gbẹ. Mo sọ fún un pé bí mo ṣe fẹ́ ṣe é nìyí, pé yàrá-àti-pálọ̀ máa dúró ná. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Mọ́mì, èmi kì í ṣe òkúta o. Mo fẹ́ na ẹsẹ̀ mi lóru láì tàpá sí ẹ̀rọ ìránṣọ."

"Mo mọ̀. Èmi náà fẹ́ ilé ìdáná tèmi. Ṣùgbọ́n tí katakata yìí bá dúró sílé, kí la máa fi san pálọ̀ náà lọ́dún tó ń bọ̀?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa téèpù tó fi ń wọn wíńdò yọ lápò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ihò ara tọ́ọ̀pù tó là, ìkan tẹ̀lé ìkan, ó ń ka nǹkan lẹ́nu ara rẹ̀. Mo mọ ọkọ mi. Bí ó bá ti ń wọn nǹkan, ó ti gbà nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, a jọ wọ ọjà tí wọ́n ti ń ta páàtì. Tọ́ọ̀pù katakata kò pọ̀ níbẹ̀ bíi ti ọkọ̀. Ẹni tó ní kò mọ̀ pé òun ní, ẹni tó ní òun ní, kò ní. A rí ọ̀kan níkẹyìn tó jọ tiwa bí ìbejì. Ọkọ mi wọ̀n ọ́n, ó mi orí. Ihò igun kan fi díẹ̀ yà sí tiwa.

Olùtajà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n á fi fáìlì ha á, á wọlé."

Ọkọ mi ní, "Ọ̀rẹ́, tí mo bá fi wíńdò tó yà díẹ̀ sí ilé ẹ, ṣé wàá sanwó?"

A rí òmíràn lọ́dọ̀ ìyá kan tó jókòó láàárín àwọn irin bí ẹni tó jókòó láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Èyí bá ìwọ̀n mu. Ṣùgbọ́n mo yọ kẹrosíìnì àti ẹfun nínú báàgì ọmọ kí n tó sọ̀rọ̀ owó.

Ìyá náà pariwo. "Kí lẹ fẹ́ ṣe fún un? Ẹ fẹ́ kùn ún ní páúdà bí ọmọ tuntun?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Ọmọ tí màá gbé sílé, mo gbọ́dọ̀ wo ara ẹ̀."

Ó wò mí, ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn mi, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó fún mi lága. A jọ dúró. Ẹfun náà kò rin. Ó ní òun náà kò mọ bó ṣe máa rí tẹ́lẹ̀, pé òun ti ń gbàdúrà nínú.

Ìdí ẹ́ńjìnnì gba nǹkan púpọ̀ ju bí a ṣe rò. Wọ́n ha ihò písítìnì, wọ́n pààrọ̀ ríìngì, wọ́n pààrọ̀ rọ́bà omi tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo wàhálà. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, mo ń fi ọwọ́ rán aṣọ iléèwé lórí bẹ́ǹṣì Múṣin, àwọn mẹ́káníìkì ń mú ṣòkòtò wọn tó ya wá bá mi. Alágbà olómi gbé ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan, ó fi ipò rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú àdúrà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, wọ́n dè é mọ́ férémù irin nílẹ̀, wọ́n da dísẹ̀lì sí i. Ó kọ́kọ́ wú ikọ́ kan, ó dákẹ́. Ó tún húkọ́. Ẹnjinía bú u, ó bú bàbá tó dà á, ó tún fún nǹkan kan le. Ìgbà tó yá, èéfín dúdú bo gbogbo wa, ó sì dún. Ọmọ mi fi igbe ta. Èmi náà ń pariwo, mi ò mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹnjinía gbé ọwọ́ lé tọ́ọ̀pù tuntun náà, ó jẹ́ kó gbóná, ó wò ó yíká, kò sí ibi tó ń jò. Ó ní kí n wá gbé ọwọ́ tèmi lé e. Mo gbé e lé e.

Ẹ́ńjìnnì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ nínú lọ́rì. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e sára katakata tí ó sì wọ oko, bàámi kò pè mí, iṣẹ́ kò jẹ́ kó ráyè. Dírẹ́bà ló pè. Ó ní méjì nínú àwọn oníbàárà ti bá ẹlòmíràn lọ, àwọn tó kù dúró, pé oko tí àwọn wà báyìí ni ìkẹta. Ó ní bàámi jókòó sábẹ́ igi, pé bàbá náà ti wá sí ilé òun fúnra rẹ̀ láti bá òun sọ̀rọ̀, pé ó gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún yẹn wá. Kò sọ ohun tí wọ́n sọ. N kò béèrè.

Mi ò mọ iye ọdún tí ẹ́ńjìnnì náà yóò lò. Ẹnjinía kò ṣèlérí, èmi náà kò sì bi í. Mo ti lọ bá onílé pé a ṣì máa lo yàrá kan yìí. Ó ní òun ti rò pé a ń lọ, pé ẹlòmíràn ti ń béèrè rẹ̀. Mo ní kó sọ fún ẹni náà pé a wà níbẹ̀.

Nígbà tí ọkọ mi dé, a gbé bẹ́ẹ̀dì sún mọ́ ògiri ẹ̀yìn, a gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ sídìí wíńdò níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára. Àyè kan ṣẹ́ kù láàárín, kò gbòòrò ju ẹní kan lọ. Ọkọ mi wọ̀n ọ́n, ó ní ó tó fún ọmọ láti kọ́ ìrìn. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ síbẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mú, ó dìde.